Kọ̀máńdà Ikùn àti Omi Olórúkọ Méjì

Kí n tó dárúkọ ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ oyè rẹ̀, nítorí pé oyè náà ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun alára tó tẹ̀ lé e. Alábòójútó Àgbà fún Ìmọ́tótó Ikùn Ará Ìlú ní Ṣakété, ní Pobẹ̀, àti ní Gbogbo Abà Tó Wà Láàrin Wọn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i bó bá wù yín. Mo lè dúró dè yín. Ọdún kejì tí ilẹ̀ Dahomey gba òmìnira ni wọ́n dá oyè náà sílẹ̀, nígbà tí àga pọ̀ ju ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń fi àga ṣe lọ. Mùsíọ̀ Ézéchiel Ládiípọ̀ ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn ará ọjà Ṣakété fi gbìyànjú láti máa pe oyè náà dé ìparí, wọ́n wá rí i pé ọbẹ̀ ń jóná lórí iná. Ni wọ́n bá gé e kúrú: Kọ̀máńdà Ikùn.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ézéchiel nígbà tí wọ́n mú un lọ sí ilé àwọn fadá ní Àjàṣẹ́, olú ìlú Dahomey. Búrẹ́dì ló jẹ dàgbà. Yorùbá tó ń sọ dára, ó tilẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n Yorùbá yàrá àlejò ni. Kò gba ilé ìdáná kọjá rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

Nígbà tó dàgbà, ìjọba rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé fún oṣù mẹ́ta kó lọ kọ́ nípa ìmọ́tótó. Ohun méjì ló gbé bọ̀: fìlà funfun kan, àti ikùn tí kì í dákẹ́. Wọ́n ti kọ́ ọ níbẹ̀ pé kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń fa àrùn, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí olùkọ́ fẹ́ sọ ìyókù, Ézéchiel lọ ra fìlà. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé oògùn apakòkòrò mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, láìsí dókítà tó ní kó lò ó. Bó bá ti gbé e mì tán, ikùn á dàrú. Bí ikùn bá dàrú, á ní kòkòrò ló kù, á tún gbé òmíràn mì.

Ẹ̀yìn àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì ni àwọn agolo rẹ̀ tò sí: fítámì aláwọ̀ pupa, hóró ìwúkàrà tí wọ́n ń gbé mì, àti agolo yẹ́lò kan tó ti ilẹ̀ Faransé wá, ìyẹ̀fun tí wọ́n ní ó ń tún ikùn ṣe. Àràárọ̀ ni yóò bu ṣíbí méjì nínú rẹ̀, yóò da omi híhó lé e lórí kí ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ lè kú, yóò sì mu ún. Lẹ́yìn náà ni ikùn á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ, tí yóò máa han bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́.

Akọ̀wé rẹ̀, Ọ̀ṣẹ́nì, ọmọ oníṣòwò kan ní Ṣakété, ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Gbàrà tí ikùn Kọ̀máńdà bá han, á dìde, á tẹ orí ba, á sì wí fún gbogbo ẹni tó wà níjòókòó pé: "Ẹ má bínú, ikùn mi ni." Ní ọjọ́ kan ó tọrọ àforíjì nígbà mẹ́tàdínlógún. Àwọn àlejò máa ń kí i kú àìlera, ìyá rẹ̀ sì ti ń wá àgbo fún un.

Lókè ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà ni Kọ̀máńdà kọ òfin àkọ́kọ́ rẹ̀ sí, pẹ̀lú ọ̀dà dúdú: ẸNI TÓ BÁ RÍ ÀṢÌṢE NÍBÍ, ÒUN LÓ ṢE É. Láti ọjọ́ náà, kò sí àṣìṣe kankan mọ́ níbẹ̀.

Òfin kejì ni ó dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà kan ní Àjàṣẹ́ ti kọ̀wé pé òun yóò wá wo iṣẹ́ Kọ̀máńdà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àti pé bó bá tẹ́ òun lọ́rùn, wọn yóò fi Àjàṣẹ́ kún àgbègbè rẹ̀. Ẹ rò ó wò: oyè náà yóò tún gùn sí i. Ézéchiel kò sùn dáadáa mọ́. Ó ń wá iṣẹ́ ńlá kan tí ojú lè rí. Bó ṣe ń kọjá lọ́jà Pobẹ̀ lọ́jọ́ kan ni òórùn omi ògì bá a, ó sì mọ̀ pé òun ti rí ọ̀tá òun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹni tó ti mọ̀ ní sùúrù fún ẹni tí kò mọ̀. Bí a bá rẹ àgbàdo sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta, tí a lọ̀ ọ́, tí a fi aṣọ sẹ́ ẹ, ògì á rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, omi á sì dúró lórí rẹ̀. Tó bá tún wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, omi náà á kan. A ń fi í rẹ egbò igi, a ń fi í po ògì, ẹni tí inú ń yọ lẹ́nu sì máa ń mu ún ní ife kan. Omíkan ni orúkọ rẹ̀ ní Pobẹ̀, nítorí pé ará Pobẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ṣùgbọ́n ní Ṣakété, àwọn ìyá àgbà ní a kì í bú oúnjẹ lójú ara rẹ̀, omi tó ń bọ́ni kò yẹ lóhun tí à ń pè ní kíkan. Omidùn ni wọ́n ń pè é. Omi kan náà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá ti bá ìyá rẹ̀ dé ìdí ìkòkò.

Ní ọjọ́ ọjà Ṣakété, wọ́n gbé tábìlì sábẹ́ igi, Kọ̀máńdà sì gun orí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ Dahomey olómìnira," ni ó bẹ̀rẹ̀, "mo bi yín, kí ni ohun tó kan? Ohun tó kan ni ohun tó ti bàjẹ́. Kí sì ni ohun tó bàjẹ́? Ààfin kòkòrò ni. Ṣé a wá gba ara wa lọ́wọ́ òyìnbó kí kòkòrò lè máa jọba nínú ikùn wa?"

Ọ̀ṣẹ́nì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn akọ̀wé kékeré náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ikùn Kọ̀máńdà han, Ọ̀ṣẹ́nì sì tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka òfin. Abala kìíní: a kò gbọdọ̀ ta omíkan mọ́. Abala kejì: a kò gbọdọ̀ mu ún. Abala kẹta: ìkòkò tí a bá bá a nínú rẹ̀, fífọ́ ni. Abala kẹrin ni Kọ̀máńdà fẹ́ràn jù, torí ó ti fura sí àwọn tíṣà: òṣìṣẹ́ ìjọba èyíkéyìí tó bá mu omíkan, bó ti wù kí oyè rẹ̀ gùn tó, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Obìnrin kan dìde láàrin àwọn alágbàdo. Màrúfátù ni, ìyá Ràúdátù, tó ń ta ògì lẹ́bàá ọ̀nà Pobẹ̀ láti ìgbà tí Ézéchiel ti ń kọ́ bí a ṣe ń mú ṣíbí.

"Kọ̀máńdà, a gbọ́, a sì dúpẹ́," ni ó wí. "Omidùn ńkọ́?"

Ézéchiel wo Ọ̀ṣẹ́nì. Ọ̀ṣẹ́nì mọ omidùn. Òun ló mu kó tó kúrò nílé láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun tí wọ́n kọ sókè ilẹ̀kùn, ni ó bá ń wo ẹyẹ kan lórí igi. Àti pé Alábòójútó Àgbà fún Ikùn, báwo ni yóò ṣe dúró lórí tábìlì kó máa béèrè pé kí ni nǹkan tí ikùn ń mu? Ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fúnra rẹ̀. Omi. Dùn. Ó yé e.

"Ìwọ obìnrin yìí, etí rẹ di ni? Ohun tó kan ni mo ń bá jà. Ohun tó bá dùn, ìjọba fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹ máa mu omidùn yín láìbẹ̀rù. Ọ̀ṣẹ́nì, kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọ̀ṣẹ́nì kọ ọ́, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Ikọ́ kan sì bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà tó jẹ́ pé, bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ó rò pé àjàkálẹ̀ ni. Àwọn ìyá àgbà ń fi aṣọ bo ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé, ní Ṣakété, omi náà bófin mu, ní Pobẹ̀ ó di ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn obìnrin tó bá gbé ìkòkò wọ kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, lọ sí ọjà Pobẹ̀ á máa kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà: omidùn, ẹ má gbàgbé, omidùn. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá ṣì, ìkòkò rẹ̀ ló máa san án.

Félicité, nọ́ọ̀sì tó wà ní Pobẹ̀, ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti la ọ̀gá náà lóye. Ó wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbé agolo yẹ́lò náà kúrò lẹ́yìn àga, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára fún un. Kòkòrò ló wà níbẹ̀, ni ó wí. Kòkòrò alààyè, tí wọ́n gbẹ bí iṣu èlùbọ́. Ézéchiel fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì náà fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní ikùn ènìyàn dà bí agbo ilé. Bí àwọn ayálégbé rere bá kún ibẹ̀, olè kì í tètè ráyè wọlé. Oògùn apakòkòrò tí Mùsíọ̀ ń jẹ kò mọ olè yàtọ̀ sí onílé, ó ti lé tọmọdé tàgbà jáde. Ìyẹ̀fun inú agolo ni wọ́n fẹ́ fi dá ilé padà fún àwọn rere, ṣùgbọ́n Mùsíọ̀ ń da omi híhó lé wọn lórí lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìbátan wọn ló sì ń sọ omi ògì di kíkan. Ó ní òun kò sọ pé omi ògì wo gbogbo àrùn o. Ọmọ tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀dọ̀ òun ni kí wọ́n gbé e wá kíá. Omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo sì gbọ́dọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kíkan kọ́ ni bíbàjẹ́.

Ézéchiel gbọ́ ọ dé òpin, ó sì na ìka sókè ilẹ̀kùn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi ka ìyẹn náà."

Félicité kà á. Ó kó báàgì rẹ̀, ó padà sí Pobẹ̀.

Láàrin oṣù kan, ikùn náà burú débi pé Kọ̀máńdà kò lè parí ọ̀rọ̀ kan láìdìde. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ọjọ́ àlejò. Oògùn apakòkòrò rẹ̀ ti tán, kámíọ̀ tó ń gbé òmíràn bọ̀ láti Kútọ̀nu sì bàjẹ́ lọ́nà. Eugénie, ìyàwó rẹ̀, tó ti dákẹ́ tipẹ́, mú ìgò omi òyìnbó kan tó ti ṣófo, ìwé aláràbarà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ó lọ bá Màrúfátù, ó rọ ọ́ kún, ó sì gbé e ka iwájú ọkọ.

Kọ̀máńdà béèrè pé kí ni.

"Omidùn ni, Bàbá Bẹ́ẹ̀tì."

Bẹ́ẹ̀tì ni ọmọ wọn obìnrin, Berthe. Kọ̀máńdà wo ìwé ara ìgò náà, ó rántí pé òun ti fún omi yìí ní àṣẹ ìjọba, ó gbé e mì. Ojú rẹ̀ sún kì, eyín rẹ̀ pa keke, omi yọ lójú rẹ̀. Eugénie ń wò ó. Fún ìṣẹ́jú kan ọkọ rẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ sọ òótọ́.

"Ó dùn," ni ó wí.

Ó mu ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikùn sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣé omidùn nìkan ló ṣe é, àbí oògùn apakòkòrò tó tán ni? N kò ní purọ́ fún yín. Mo rò pé ọwọ́ méjèèjì wà níbẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ọjọ́ kan wà tí Ọ̀ṣẹ́nì kò tọrọ àforíjì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Kọ̀máńdà kọ̀wé sí Àjàṣẹ́ ní ojú ewé mọ́kànlá: òun ti ṣàwárí omi ìwòsàn kan, òun yóò sì mu ún lójú Ọ̀gá Àgbà. Ó dábàá pé kí wọ́n máa pè é ní Omidùn Ládiípọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí àlejò ń bọ̀ gan-an ni Màrúfátù gbé ìkòkò mẹ́fà lọ sí ọjà Pobẹ̀. Òun alára kò ṣi ahọ́n. Oníbàárà kan ló nahùn láti òdìkejì ọjà pé, "Ìyá Ràúdátù, ẹ bu omíkan fún mi," jàńdáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, sì wà nítòsí. Wọ́n di Màrúfátù mú, wọ́n kó ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tòun ti omi inú wọn, wá sí Ṣakété gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Wọ́n ní ọjọ́ àlejò ni wọn yóò fọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, Màrúfátù lọ bẹ Kọ̀máńdà. Ó ní ìyá ìyá òun ló ni ìkòkò wọ̀nyẹn. Ìkòkò tuntun kò mọ iṣẹ́. Ó di ọdún kan kí kíkan tó wọ ara amọ̀, kí ògì tó jáde bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá fọ́ wọn, kò sí ohun tí òun àti Ràúdátù yóò máa jẹ. Ézéchiel dá a lóhùn pé bí ó bá ń ta omidùn bí àwọn èèyàn gidi ni, ìyà ì bá má jẹ ẹ́.

Màrúfátù dìde, ó gba ilé lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkòkò ti wà ní àtìmọ́lé, ìgò Eugénie gbẹ, nítorí ọ̀dọ̀ Màrúfátù nìkan ló ti ń rọ ọ́. Ọjọ́ kẹrin, ikùn tún bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àlejò, Kọ̀máńdà ti ń di etí tábìlì mú, ó ń béèrè omidùn rẹ̀. Eugénie gbé ìgò fún Ọ̀ṣẹ́nì. Ọ̀ṣẹ́nì dúró níwájú ìkòkò ẹ̀rí mẹ́fà, ó rí àṣìṣe, ó gbé ojú sókè wo ilẹ̀kùn, ó sì bu omi kún ìgò.

Gbogbo Ṣakété ló jáde, ará Pobẹ̀ sì kún kámíọ̀ méjì wá. Ọ̀gá Àgbà jẹ́ ọkùnrin sísanra kan, onísùúrù, tó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú púpọ̀. Kọ̀máńdà sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Ó fi ara rẹ̀ wé òòrùn, ó fi kòkòrò wé òru. Níkẹyìn ó gbé ìgò sókè, ó mu ife kan, ó bu ife kejì fún àlejò.

Ọ̀gá Àgbà mu ún. Ó pajú dé. Ó na ife pé kí wọ́n tún bu òmíràn.

"Nísinsìnyí," ni Kọ̀máńdà wí, "ẹ ó rí ọ̀tá tí mo ṣẹ́gun." Ó ní kí wọ́n ṣí ìkòkò, kí wọ́n mú òòlù wá.

Ọmọrí kò tíì kúrò tán tí òórùn náà fi kan ibi tí àlejò jókòó sí. Ó dìde. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó rìn lọ bá ìkòkò, ó fi ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bu omi, ó mu ún, ó sì yíjú padà.

"Mùsíọ̀ Ládiípọ̀, ará Pobẹ̀ ni ìyá mi. Omi yìí ló fi wò mí dàgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ńlẹ̀, ta ló ni ìkòkò?"

Wọ́n ti Màrúfátù síwájú. Àlejò kúnlẹ̀ ní orúnkún kan láti kí i, nítorí pé ó ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó sì béèrè pé kí ni orúkọ omi yìí.

"Ọmọ mi, ní Pobẹ̀, omíkan ni," ni Màrúfátù wí. "Ní Ṣakété, omidùn. Nínú ìgò ọ̀gá wa, oògùn ni. Inú ìkòkò mi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti jáde."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń dúró. Ọ̀gá Àgbà ní kí Ọ̀ṣẹ́nì ka abala kẹrin. Ọ̀ṣẹ́nì kà á, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i: òṣìṣẹ́ ìjọba èyíkéyìí tó bá mu omíkan, bó ti wù kí oyè rẹ̀ gùn tó.

"Èmi náà ti mu ún, ìgbà mẹ́ta," ni àlejò wí. "Òfin yìí yóò kó gbogbo wa lọ, àfi bí òun alára bá lọ. Ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò sìn ín dé ọ̀nà. Mo rò pé ẹni tó kọ ọ́ ló yẹ."

Ézéchiel la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ikùn rẹ̀ ló fọhùn. Ó han gooro, ó pẹ́, ó lọ sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ará ẹ̀yìn pátápátá gbọ́ ọ. Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì. Ọ̀ṣẹ́nì dìde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ronú díẹ̀.

"Kì í ṣe ikùn mi o," ni ó wí.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé ìlú Yoko.

Wọ́n dá ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà fún ẹni tó ni wọ́n. Wọ́n fi ọ̀dà funfun pa ohun tó wà lókè ilẹ̀kùn rẹ́. Ní ti oyè náà, wọn kò rí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ó gùn jù. Ézéchiel rí iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò, ṣùgbọ́n wọn kò tíì jẹ́ kó máa kọ́ wọn ní ìmọ́tótó.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀, ọkùnrin kan tí kò dé fìlà to sẹ́yìn àwọn èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà Pobẹ̀, ó gbé ìgò kan dání tí wọ́n ti ṣí ìwé kúrò lára rẹ̀. Ìlà ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ó ku ẹnì kan níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà kò sí ẹnì kankan.

"Ta ló kàn?" ni Màrúfátù béèrè, láìgbójú sókè.

"Èmi ló kàn, Ìyá Ràúdátù. Ẹ káàárọ̀ mà."

Ọwọ́ Màrúfátù dúró lórí igbá. Àwọn tó ti rà tẹ́lẹ̀ kò lọ mọ́. Wọ́n fẹ́ gbọ́.

"Èwo ni kí n bù fún ọ?" ni ó wí. "Èyí tó kan ni, àbí èyí tó dùn?"

Ézéchiel ronú sí i. Kò sí tábìlì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì sí Ọ̀ṣẹ́nì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èyí tó bá wà nínú ìkòkò, mà," ni ó wí, ó sì na ìgò náà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.